Ìdì irun nínú ikùn ọmọ: ta ló fi síbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́?

Bí irú fídíò yìí bá ti dé orí WhatsApp, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n gbé abọ́ irin kalẹ̀ ní tíátà, ohun dúdú kan wà nínú rẹ̀ tó gùn, tó sì tẹ̀ kọrọdọ, irun ni látòkè délẹ̀. Wọ́n ní inú ọmọbìnrin kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Kí èèyàn tó wò ó tán, ẹnì kan á ti ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, ẹlòmíràn á ní kí ìyá ọmọ náà ṣọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ní Òṣogbo níbí, láti Ọjà Ọba dé Òkè-Fìà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò ó nìyẹn: irun kì í hù nínú ikùn, irun kì í ṣe oúnjẹ, ẹnì kan ló fi síbẹ̀.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Irun kì í hù nínú ikùn, ẹnì kan ló sì fi síbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fà á tu, ó ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀, fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún mélòó kan, láìsí ẹni tó rí i. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń yọ ọ́ báyìí láti ojú ihò kéékèèké, láìla ikùn ọmọ látòkè délẹ̀. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ yẹn ò lè dá parí ọ̀rọ̀ náà, ìdí rẹ̀ sì ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Trichobezoar ni àwọn dókítà ń pè é. Àti ọdún 1779 ni wọ́n ti kọ ìròyìn ẹni tó ní in sílẹ̀ nílẹ̀ Faransé, nítorí náà àìsàn àtijọ́ ni. Àwọn alápatà náà mọ irú rẹ̀ lára ẹran: màlúù tó máa ń lá ara rẹ̀ lè kó irun jọ sínú, tí yóò sì dì roboto.

Ìdí tí irun fi ń dúró síbẹ̀ kò ṣòroó yé. Àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí tí a bá gbé e mì, ní omi kíkan tó lè yọ́ ẹran, tó lè yọ́ ẹja. Kò lè yọ́ irun. Èròjà keratin tó wà lára irun le jù fún un. Bẹ́ẹ̀ ni irun tún máa ń yọ̀. Nígbà tí àpòlúkù bá fún ara rẹ̀ láti ti oúnjẹ sínú ìfun, oúnjẹ á lọ, irun á yọ̀ bọ́rọ́, á sì há sí àwọn ìṣẹ́po inú àpò náà. Èyí tó bá wọlé lọ́la á kọ́ mọ́ ti àná. Ọ̀rá àti ẹ̀rún oúnjẹ á máa lẹ̀ mọ́ ọn, á máa bà jẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, ìdì irun náà á gba ìrísí àpòlúkù pátápátá, bí ẹ̀kọ ṣe ń gba ìrísí ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn. Ohun tó fà á nìyẹn tí èyí tí wọ́n ń yọ fi máa ń tẹ̀ kọrọdọ. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ irun orí òyìnbó onírun pupa, nítorí omi kíkan ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbà sí imú: oúnjẹ tó ti bà jẹ́ sínú irun fún oṣù mélòó kan ni. Àwọ̀ dúdú yẹn àti òórùn yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn máa sọ pé májèlé ni.

Nígbà mìíràn, ìrù á yọ lára ìdì náà, á gba ẹnu ọ̀nà àpòlúkù bọ́ sínú ìfun, á máa gùn lọ. Láti 1968 ni wọ́n ti ń pe irú èyí ní Rapunzel syndrome, lórúkọ ọmọbìnrin onírun gígùn kan nínú àlọ́ àwọn ará Jámánì. Ẹ fi ìrù yìí sọ́kàn, nítorí òun ló sábà máa ń pinnu irú iṣẹ́ abẹ tí ọmọ máa ṣe.

Nínú ẹni 10 tí irú ìdì irun yìí bá, bí ẹni 9 ló jẹ́ obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́, láti bí ọmọ ọdún mẹ́wàá dé bí ogún. Kì í ṣe irun orí ara wọn nìkan ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Wọ́n ti rí òwú, irun bèbí, irun kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti rí àtáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń dirun. Èyí kan ìlú wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí kò sí àdúgbò tí àtáṣímẹ́ǹtì kì í sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé.

Kí ló wá ń mú ọmọ jẹ irun? Ìwà méjì ló so kọ́ra. Èkíní ni irun-fífà: ọwọ́ ọmọ ń lọ sórí ṣáá, ó ń wá fọ́nrán kan tó gbọọrọ, ó ń fà á tu. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bí ẹnì kan sí méjì ni èyí máa ń ṣe nígbà kan láyé wọn. Èkejì ni kó fi irun náà ra ẹnu, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu, kó gbé e mì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fa irun kì í gbé e mì, àwọn tí ti wọn sì dì nínú ikùn kéré gan-an. Kí ìyá kankan má ṣe tìtorí pé ọmọ rẹ̀ ń fi ìka lọ́ irun bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àwọn tí ó ń ṣe sábà máa ń sọ ọ́ báyìí: nǹkan kan á há mi láyà, bí mo bá fà á tán, ara á tù mí. Ìdààmú ilé lè fà á, ikú òbí lè fà á, ìdánwò, ìyà tí ẹnì kan ń fi jẹ ọmọ ní kọ̀rọ̀, tàbí kí ọmọ kàn máa dá wà láìríṣẹ́ ṣe. Nígbà mìíràn a ò ní rí ìdí kankan. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ó lè jẹ́ nídìí ìwé kíkà, nídìí tẹlifíṣọ̀n, tàbí nígbà tí oorun bá ń gbé wọn lọ. Ìtìjú ló máa ń tẹ̀lé e. Ọmọ á mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe ṣàjèjì, á sì fi pamọ́, á fi pamọ́ débi pé tí dókítà bá bi í lójúkojú, á ní òun ò jẹ irun rí.

Ẹ̀jẹ̀ tún kàn án. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí èròjà iron kò tó lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè máa fà sí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ: amọ̀, yìnyín, ìrẹsì tí wọn ò sè, irun. Tí irun bá wá dì nínú àpòlúkù tán, oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ ò ní ṣe é lóore mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tún máa dín kù sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fi máa ń funfun lójú nígbà tí wọ́n bá gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Ọmọ náà á máa jẹun díẹ̀, á ní òun ti yó. Á máa bì. Òkè inú á máa dùn ún. Á rù. Ẹnu rẹ̀ á máa rùn láìjẹ́ pé eyín rẹ̀ bà jẹ́. Tí ẹ bá fọwọ́ kan òkè inú rẹ̀, lábẹ́ ibi tí egungun ìhà ti pàdé, ohun líle kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ lè tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, ibà la máa kọ́kọ́ tọ́jú, ó di tífọ́ọ̀dù, ó di oògùn aràn, ó di ọ́lsà. Bí ọmọ náà bá sì jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlógún, tó ń bì, tí ikùn rẹ̀ le, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ará ilé máa kọ́kọ́ rò. Wọ́n á gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò oyún. Kò ní sí oyún. Ara á tu ìyá, wọ́n á padà sílé, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè mọ́ nípa ohun líle inú rẹ̀.

Fífi í sílẹ̀ léwu. Ìdì náà ń ha ara àpòlúkù, ó ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀, ọgbẹ́ náà lè lu jáde. Ìrù rẹ̀ lè dí ìfun pa, ó lè mú kí ìfun wọnú ara wọn. Ọmọ lè kú sí i.

Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ rí àmì àìsàn yìí kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà ṣe ìyá. Onídìrí ni. Ìlú tó ń ki Ọ̀ṣun ní Ṣẹ̀ẹ̀gẹ̀sí olóòyà iyùn mọ iyì ẹni tó di òòyà mú, ó sì yẹ ká fún ìmọ̀ wọn ní àyè nínú ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ wo onídìrí kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìgbọ̀nà. Ó tú irun ọmọ, ó ya á sọ́nà mẹ́rin, ó rí ibì kan ní àárín orí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún tí òòyà ò rí nǹkan yà. Ohun tó sábà máa sọ ni pé làpálàpá ni, kí wọ́n lọ ra oògùn. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Làpálàpá ń hó funfun, ó ń yún, etí rẹ̀ máa ń hàn yíká. Èyí tí ìdìmọ́lẹ̀ líle ń fà máa ń wà níwájú orí àti lẹ́bàá etí, níbi tí òwú ti ń fa irun jù. Ti irun-fífà yàtọ̀ sí méjèèjì: awọ orí mọ́ tónítóní, irun inú rẹ̀ ò dọ́gba, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ gán-ań-gán, ibi tí ọwọ́ tí ọmọ fi ń kọ̀wé ti lè tètè dé ló sì máa ń pọ̀ sí. Gèlè ń bò ó, fìlà ń bò ó, híjáàbù ń bò ó. Ojú onídìrí nìkan ni kò ṣeé bò.

Kí onídìrí tó bá rí i má pariwo rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Kó fa ìyá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí, ó dà bíi pé ọmọ ń fa irun yìí ni. Ṣé ó ń jẹun dáadáa?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè dá ọmọ dúró kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di ti tíátà.

Tí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ irun náà fún un, ẹ má fi í pamọ́. Sikáànù lásán lè fi hàn pé ohun kan wà nínú àpòlúkù tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. CT scan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, á fi bó ṣe tóbi tó hàn, àti bóyá ìrù rẹ̀ ti wọnú ìfun. Endoscopy, ìyẹn okùn oníkámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ ọ̀fun, ni yóò fi irun náà hàn sójú kedere.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á bi pé, tí okùn yìí bá lè débẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kàn fi fa irun náà jáde gba ẹnu? Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ṣe àkójọ ìròyìn aláìsàn 108 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2010. Nínú àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti fi endoscopy yọ tiwọn, ìdá 5 nínú 100 péré ló bọ́ sí i. Irun náà ti le jù, ó ti tóbi ju ọ̀nà ọ̀fun lọ. Tí wọ́n bá sì ń já a sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà lè yọ̀ bọ́ sínú ìfun, kó lọ dí i. Nínú àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti yọ tiwọn láti ojú ihò kéékèèké, ìdá 75 nínú 100 ló bọ́ sí i. Lílà gbangba ni kì í sábà kùnà.

Coca-Cola ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí wà níta, òótọ́ díẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn dókítà ti fi í yọ́ ìdì okùn èso àti ewébẹ̀ nínú àpòlúkù. Kò ṣiṣẹ́ fún irun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí àgbo tó lè yọ́ irun, tí ẹ bá sì fún ọmọ tó ní ìdì irun nínú ní oògùn tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ kíkan kíkan, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ti èyí tó já lára rẹ̀ sínú ìfun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò.

Iṣẹ́ abẹ ló kù. Lọ́dún 1883 ni oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì kan, Schönborn, la ikùn láti yọ ìdì irun. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é: wọ́n á la àárín inú láti abẹ́ igbáàyà dé ìdodo. Lọ́dún 1998 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Japan, Nirasawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìròyìn jáde pé àwọn ti yọ ọ́ láti ojú ihò kéékèèké. Laparoscopy ni orúkọ ọgbọ́n iṣẹ́ yìí; àwọn kan ń pè é ní abẹ oníhò kékeré, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà á sì ṣe máa pè é.

Bó ṣe ń lọ rèé. Wọ́n á fi oògùn kun ọmọ lóorun pátápátá. Wọ́n á lu ihò kan sí ìdodo, tí kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, wọ́n á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide wọlé kí awọ ikùn lè gbéra kúrò lórí ìfun. Kámẹ́rà á gba ojú ihò yẹn wọlé. Ihò méjì tàbí mẹ́ta míì wà tí ò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ibẹ̀ ni àwọn irinṣẹ́ gígùn tín-ín-rín ń gbà wọlé. Oníṣẹ́ abẹ ò wo inú ọmọ ní tààrà. Ojú tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè lójú rẹ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Á gé iwájú àpòlúkù ní ìwọ̀n tí irun fi lè jáde, á di irun náà mú, á máa fà á jáde ní pẹ̀lẹ́, á sì rọra sọ ọ́ sínú ọ̀rá kan tí kòkòrò àìsàn ò sí lára rẹ̀. Ibi tó le jù nìyí. Irun yẹn kún fún ìdọ̀tí. Bí omi rẹ̀ bá dà sínú ikùn, ó lè di àkóràn. Wọ́n á rán àpòlúkù padà, wọ́n á fọ ibẹ̀, wọ́n á tẹ̀lé ìfun láti orí dé òpin, bóyá èyí tó já wà níbì kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ ọ̀kan nínú àwọn ihò náà sí i, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á fa ọ̀rá náà dé ibẹ̀, wọ́n á sì máa gé irun náà sí wẹ́wẹ́ jáde.

Ọ̀nà mìíràn wà tó wà láàárín méjèèjì. Wọ́n á fi kámẹ́rà wo inú, wọ́n á la ojú kékeré kan, wọ́n á fa àpòlúkù wá sí ojú ibẹ̀, wọ́n á fi òrùka oníke dáàbò bo ọgbẹ́, wọ́n á sì yọ irun níta gbangba. Èyí ni mo rò pé ó bá ilé ìwòsàn wa mu jù: ìdọ̀tí kì í dà sínú, kì í gba àkókò púpọ̀, ojú ọgbẹ́ náà kò sì tóbi.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Ìrora kéré, ọmọ á tètè dìde rìn, á tètè jẹun, á tètè lọ sílé. Ojú àpá kéré, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ lásán fún ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, pàápàá lára àwa aláwọ̀ dúdú tí ojú ọgbẹ́ máa ń wú dúró. Ọmọ tó ti ń fi irun pamọ́ tẹ́lẹ̀, kò yẹ ká tún fún un ní àpá gbọọrọ tí yóò máa fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n abẹ oníhò kékeré máa ń pẹ́ ju lílà lọ ní tíátà, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló wà fún. Tí ìdì náà bá tóbi kọjá ààlà, tí ìrù rẹ̀ bá ti rìn jìnnà sínú ìfun, tàbí tí àpòlúkù bá ti lu, lílà gbangba ló dára jù. Oníṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò kékeré tó sì yí padà sí lílà nígbà tó rí i pé ewu wà, iṣẹ́ rere ló ṣe.

Ní Ọ̀ṣun, ilé ìwòsàn ńlá méjì ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa dé: UNIOSUN Teaching Hospital níbí ní Òṣogbo, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní LAUTECH, àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti ń ṣe abẹ oníhò kékeré fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ iná tí kò ní lọ, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, ẹ̀rọ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kun ọmọdé lóorun. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ ní ìbéèrè wọ̀nyí láìfòyà: ṣé ìrù rẹ̀ ti wọ ìfun? Bó bá di pé ẹ ní láti là á, ibo lẹ máa là? Ta ló máa rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ yìí lẹ́yìn abẹ? Tí ẹ bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, O'HIS, tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ẹ gba kọ́ńtà wọn kọjá kí ọjọ́ abẹ tó pé, kí ẹ mọ èyí tí wọ́n máa san àti èyí tí ẹ̀yin máa san.

Nǹkan kan tún wà tó ń dùn mí. Nínú tíátà mìíràn, kí wọ́n tó rán ọmọ tán, fóònù ti jáde. Ó yẹ kí ìyá àti bàbá rí ohun tí wọ́n yọ, kí dókítà fi hàn wọ́n, kó ṣàlàyé, nítorí ẹni tó fojú rí i kò ní gba ìtàn májèlé gbọ́ mọ́. Àmọ́ ohun tó jáde lára ọmọ, ara ọmọ ni. Kò yẹ kó di ohun tí gbogbo ìlú ń pín kiri, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì.

Ká wá sí ìdí tí abẹ nìkan ò fi tó. Abẹ ń yọ irun, kò yọ ọwọ́ kúrò lórí. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ti yọ tiwọn, tí wọ́n sì tún padà wá pẹ̀lú òmíràn. Nígbà tí wọ́n bá padà wá, nǹkan ti ṣòro sí i, nítorí àpòlúkù tí wọ́n ti gé rí ni wọ́n tún máa gé.

Ìtọ́jú wà fún ìwà yìí, èyí tó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù kì í ṣe ti oògùn. Azrin àti Nunn, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1973. Ọmọ á kọ́ láti mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ: wákàtí wo, ibo, kí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà á kọ́ láti fún ọwọ́ náà ní iṣẹ́ míì tí kò ní jẹ́ kó ráyè dé orí: kó di ẹ̀ṣẹ́ mú títí ìfẹ́ náà á fi kọjá, kó máa hun okùn, kó máa tẹ bọ́ọ̀lù rírọ̀ kan. Ilé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ìborí lálẹ́, ṣíṣa irun tó bọ́ nílẹ̀ kí ó tó pẹ́, ìyìn fún ọjọ́ tó lọ dáadáa. Wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n á fún un ní èròjà iron tó bá yẹ. Fífá irun mọ́lẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ẹ. Fífi agídí fá a máa ń dá kún ìtìjú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínà rẹ̀ kò wúlò rárá. Ọwọ́ tó ń lọ sórí nítorí àyà tó há, ẹgba ò lè mú kó sinmi.

Mo mọ ohun tí ń dá àwọn òbí dúró. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ni wọ́n ní kí wọ́n lọ, wọ́n sì ń ro ohun tí àdúgbò á sọ: ọmọ wọn ti ya wèrè. Ọmọ yìí ò ya wèrè. Ó ń lọ síléèwé, ó ń ṣeré, ó ń fọ abọ́. Àìsàn kan ló ń ṣe é tó ní dókítà tirẹ̀, bí ojú ṣe ní dókítà tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó gba ipò òfin tí a ti ń lò láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ó fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ọ̀wọ̀. Ẹ̀ka yìí wà ní UNIOSUN Teaching Hospital, ó wà ní Ifẹ̀. Tí ẹ bá ní wòlíì tàbí àlùfáà tí ọkàn yín balẹ̀ sí, kó máa gbàdúrà, kó sì máa bi yín pé ọjọ́ wo ni ẹ tún ń padà sí kílíńìkì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn abẹ, omi àti oúnjẹ rírọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀: ògì, ọbẹ̀ tí ata ò pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ibà bá mú un, tí inú rẹ̀ bá le, tàbí tó bá ń bì léraléra, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ gbé e padà. Láti oṣù kejì lọ, iṣẹ́ náà di ti ilé. Ẹ bá onídìrí rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí ẹ bá fọkàn tán an, kó jẹ́ ẹnì kan náà ló ń ṣe orí ọmọ náà, kó máa wo ojú ibi kan náà nígbàkígbà tó bá tú irun, kó sì sọ fún yín bóyá irun ibẹ̀ ń gùn bọ̀ tàbí ó tún ti kúrú.